Orógùn Tí Mo Fọ̀

Káyọ̀dé, rọra gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lára báàkẹ́tì yẹn. Mo mọ̀ pé ó ń rùn, imú tìrẹ nìkan kọ́ ló wà nínú ilé yìí. Ìwọ náà Tèmi, jókòó, má ṣí fèrèsé. Òtútù tó o bá gbà wọlé báyìí lè dá ìyá àgbà yín padà sí Ọ̀yọ́. Mi ò ṣeré o.

Ẹ wo báàkẹ́tì funfun yìí tí a fi ìró mi àtijọ́ bò lẹ́nu. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ọtí àgbàdo tí Ìyá fi tọ́ bàbá yín àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyá ti gbìyànjú rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ wa ní Accokeek, ní Maryland níbí, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni omi àgbàdo náà sì dákẹ́ fọ́ọ́, tó kàn jókòó títí ó fi bàjẹ́. Èyí ni ìkẹrin. Ó ti sọ fún bàbá yín pé tí èyí náà bá kọ̀, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì òun, pé ọwọ́ òun ti kú, àti pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kú kò ní iṣẹ́ kankan níbí ju kó máa wo àgbọ̀nrín láti ojú fèrèsé lọ. Ó yẹ kí ọtí yìí ti dún láàárọ̀ yìí. Kò tíì dún. Ìyá wà ní ìta, ó jókòó sínú oòrùn, ó ń ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn.

Nítorí náà, a ó jọ jókòó ti báàkẹ́tì, màá sì jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín. Yorùbá ni màá fi jẹ́wọ́. Èyí tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ gbọ́. Èyí tẹ́ ò bá gbọ́, ẹ kàn máa mi orí, bí ẹ ṣe máa ń ṣe fún àwọn ẹbí wa lórí fóònù.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé inú fíríìjì ni bíà ti ń wá, ẹ bá mi ká lọ sí Ọ̀yọ́ ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ojúlé kẹta sí tiwa ni ilé Ìyá wà. Kò sí àkọlé kankan lára ògiri rẹ̀. Bí ọtí bá ti ṣetán, Ìyá á mú igbá funfun kan, á dojú rẹ̀ dé orí ògiri iwájú ilé, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀. Àwọn bíríkìlà, àwọn télọ̀, tíṣà wa tó ń sọ fún wa láàárọ̀ pé ọtí ń ba ọpọlọ jẹ́, gbogbo wọn á máa gba iwájú ilé náà kọjá bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù. Bí wọ́n bá ti fojú kan igbá, kíá ni ewúrẹ́ á di rírí.

Ṣùgbọ́n kí igbá tó dé orí ògiri, iṣẹ́ ti ń lọ nílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n á rẹ àgbàdo sínú omi, wọ́n á kó o kúrò, wọ́n á tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú yàrá tí oòrùn kì í wọ̀, wọ́n á da àgbàdo lé e, wọ́n á tún fi ewé bò ó. Ibẹ̀ ni á ti hù. Bí ohun tó hù jáde lára rẹ̀ bá ti gùn tó èékánná, wọ́n á kó o síta, wọ́n á sá a sínú oòrùn, àwa ọmọdé á sì máa lé adìẹ. Ọmọ aládùúgbò náà ń lé adìẹ, torí Ìyá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lásán lágbàlá rẹ̀. Tó bá gbẹ, ó di orí ọlọ. Ohùn ọlọ ló máa ń jí wa ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sè é. Á máa lọ gìrìgìrì bí ẹni tó ń fa àpótí lórí sìmẹ́ńtì, àwọn obìnrin ilé á máa bú ara wọn lórí rẹ̀, ẹni tó bá pẹ́ jí nínú wọn ni èébú rẹ̀ ń pọ̀ jù.

Wọ́n á wá gbé e kaná. Láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rẹlẹ̀ ni èéfín á fi máa wọ inú aṣọ tí ìyá mi sá sórí okùn. Ìyá mi á jáde sí ẹnu ọ̀nà, á ní, “Ìyá Akin, ṣé aṣọ mi náà máa mu nínú ọtí yẹn ni?”

Ìyá á dá a lóhùn láìwẹ̀yìn, “Ó ti mu tiẹ̀. Ó ku ìwọ.”

Lẹ́yìn tí wọ́n bá sẹ́ ẹ, tí ó tutù débi tí ìka lè gbà á, wọ́n á dà á sínú ìkòkò ńlá tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ìyá á na ọwọ́ sókè, á mú orógùn rẹ̀ lórí ìṣó, á fi ro ọtí náà lẹ́ẹ̀mejì péré, á gbé orógùn padà sórí ìṣó, á fi aṣọ bo ẹnu ìkòkò. Ó parí. Kò fi nǹkan mìíràn sí i. Tó bá di ọjọ́ kejì, á wọlé, á gbé etí lé ara ìkòkò. Ohùn tó ń jáde níbẹ̀, mi ò mọ bí màá ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín. Ó dà bí òjò tó ń rọ̀ lọ́nà jíjìn, sórí ewé kókò, ó sì ń ta pọ́, pọ́, pọ́ láàárín rẹ̀. Ìyá á ní, “Ó ti ń sọ̀rọ̀.” Tí kò bá tíì sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pariwo nínú ilé náà. Ìyá ní ọtí máa ń tijú.

Tí oníbàárà bá dé, tó jókòó sórí pákó, Ìyá á bu ọtí sínú igbá, òun fúnra rẹ̀ á kọ́kọ́ mu ẹnu kan níbẹ̀ kó tó gbé e fún un. Ẹni tó ta ọtí ló ń kọ́kọ́ mu ún, kí ẹni tó rà á lè mu tirẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ ò lè rí ìyẹn nínú agolo bíà. Ta ló kọ́kọ́ mu èyí tó wà nínú agolo? Ẹ̀rọ ni.

Ní àkókò Egúngún, ìkòkò mẹ́ta ló máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún kan wà tí wọ́n da èèrí, ìyẹn pàǹtí àgbàdo tó kù nínú asẹ́, sí ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n gbàgbé láti bò ó. Àkùkọ ilé ìmáàmù ló débẹ̀ ṣáájú. Ọ̀sán gangan ni àkùkọ náà gun orí òrùlé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, kò sì dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìmáàmù rán ọmọ wá, ó ní kí wọ́n sọ fún Ìyá pé ẹni tó ń jí àwọn èèyàn fún àdúrà òwúrọ̀ ti mu yó ní ilé rẹ̀. Ìyá fi ẹran ránṣẹ́, ó kó ẹyin mẹ́fà lé e, ìmáàmù gbà á, ẹ̀rín sì pa gbogbo wa. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn. Ẹni tí kò mu ọtí àti ẹni tó ń sè é jọ ń fi ògiri kan ṣoṣo pààlà. Ẹni tó ń gbé ilé náà nísinsìnyí ń ta bátìrì sólà níbẹ̀. Ògiri ṣì wà. Igbá ló ti lọ.

Ilé yẹn ni mo fẹ́ ọkọ sí. Bàbá mi sọ títí ó fi kú pé kì í ṣe Akin ni mo fẹ́, ìkòkò ni. Mi ò jiyàn.

Nígbà tí Ìyá máa wá bá wa lọ́dún tó kọjá, ohun méjì péré ló di mọ́ra ju ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ: gíláàsì ojú rẹ̀ àti orógùn. Ó fi ìwé ìròyìn wé orógùn náà, ó fi láílọ́ọ̀nù wé ìwé ìròyìn. Òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú béèrè pé kí ni, bàbá yín ní ṣíbí ni. Ọkùnrin náà wo ṣíbí tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́fà, ó wo Ìyá, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Orógùn náà dúdú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, nǹkan funfun kan ti gan mọ́ ọn lára bí ìpẹ́, òórùn rẹ̀ sì ń gba gbogbo ilé ìdáná. Bàbá yín gbé Ìyá lọ sí Upper Marlboro lọ́jọ́ kan láti lọ ṣètò ìwé rẹ̀, èmi nìkan ni mo wà nílé. Mo ní kí n ṣe Ìyá lóore. Mo gbìyànjú láti ti orógùn bọ inú ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́, kò gbà á. Mo bá gbé e sínú báàfù, mo bu ọṣẹ sí i, mo da bílíìṣì lé e, mo fi kànìnkànìn onírin fá a, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ó funfun bí eyín yín. Nígbà tó gbẹ, mo fi òróró pa á, ó tún dúdú padà, ó ń dán. Mo kan ìṣó sára ògiri, mo gbé e kọ́.

Ojú Ìyá kò ríran dáadáa mọ́. Ó fọwọ́ pa orógùn náà, ó ní, “Ìyàwó, o fi òróró pa á fún mi. O ṣeun. Ọlọ́run á tọ́jú ìwọ náà.” Inú mi dùn débi pé mo tẹ ẹ̀bà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni ọtí àkọ́kọ́ kú, tí ìkejì kú, tí ìkẹta kú. Ìyá kò pariwo. Ṣé ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn, kò sí ọbẹ̀ tí mo sè tí Ìyá ò bú. Iyọ̀ rẹ̀ kéré, omi rẹ̀ pọ̀, ata rẹ̀ ń sáré. Lẹ́yìn ọtí kẹta, ó jẹ ọbẹ̀ mi fún oṣù kan gbáko, ó ń sọ pé, “Ó dùn, o ṣeun.” Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí.

Alhaji Mùfútáù ló mú àbá wá. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló ń bá gbogbo wa tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ó wá wo tiwa, ó rí Ìyá tó jókòó sójú fèrèsé, mo sì ròyìn fún un. Ó ní, “Ilé kan wà nítòsí New Carrollton, inú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn bíà tiwọn fúnra wọn, bí ti ayé àtijọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé Màmá lọ síbẹ̀.”

Mo ní, “Alhaji, báwo lẹ ṣe mọ ilé ọtí?”

Ó ní, “Ẹ̀rọ tó ń mú yàrá wọn tutù ni mo mọ̀. Ohun tí wọ́n bá kó sínú yàrá, tiwọn ni.”

Lọ́jọ́ Sátidé, ní ọ̀sán, òun ló wà wá lọ. Ẹ̀yìn ilé ló gbé mọ́tò rẹ̀ sí. Ó ní bí àwọn ará mọ́ṣáláṣí bá rí i níwájú, òun ni ìwàásù Jímọ̀ tó ń bọ̀ máa dá lé lórí. Ìyá sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, pé òun mọ àkùkọ kan tí ọ̀ràn rẹ̀ burú ju tirẹ̀ lọ.

Ilé bíríkì pupa ni, ilẹ̀ rẹ̀ pákó, ó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn àgbààgbà jókòó síbẹ̀, wọ́n ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Lórí káńtà, wọ́n to àwọn igi gígùn kan sí i, ọlọ́tí á di ọ̀kan mú, á fà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, bí a ṣe ń fa ẹ̀rọ omi ìgboro nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọtí á máa jáde láti inú àgbá tó wà nísàlẹ̀ ilé. Ọlọ́tí náà jẹ́ ọkùnrin adúláwọ̀ ọmọ ibí, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hewú, ó wọ épúrọ́ọ̀nù aláwọ. Ó bu kọ́ọ̀pù méjì fún èmi àti Ìyá, ó gbé omi fún Alhaji.

Mo fọwọ́ kan kọ́ọ̀pù mi. Kò tutù. Kò sì fi bẹ́ẹ̀ hó. Èmi ọmọ Ọ̀yọ́, tí mo ti di ọmọ Amẹ́ríkà, mo ní kí ọlọ́tí jọ̀wọ́ fi yìnyín sí i fún mi.

Gbogbo ẹni tó wà ní káńtà yíjú sí mi. Alhaji sún mọ́ mi, ó ní, “Ìyá Tèmi, ẹ rọra. Èmi ni mo ṣètò bó ṣe tutù mọ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á kú.”

Ìyá bi mí pé kí ni mo béèrè tí gbogbo èèyàn fi ń wò mí. Mo sọ fún un. Ó ní, “Yìnyín? Ṣé ẹja lo fẹ́ kó sínú rẹ̀ ni?”

Èébú àkọ́kọ́ tó bú mi nìyẹn láti oṣù kan. Mo gbà á bí ẹ̀bùn.

Ṣùgbọ́n òun náà kò mu tirẹ̀. Ó gbé kọ́ọ̀pù dání, ó tẹjú mọ́ ọlọ́tí. Ọlọ́tí rẹ́rìn-ín sí i. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ọlọ́tí bi mí bóyá nǹkan kan ti bàjẹ́, ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Mo ṣàlàyé fún un pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ni ọtí ló ń kọ́kọ́ mu ún. Ọkùnrin náà ronú díẹ̀. Ó bu díẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù kékeré, ó mu ún tán, ó dojú kọ́ọ̀pù délẹ̀ kí Ìyá rí i. Ó ní ìyá ìyá òun náà máa ń ṣe bíà láti inú èso igbó kan lápá gúúsù, àti pé ìyá àgbà yẹn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu ún ṣáájú rẹ̀.

Ìyá wá mu tirẹ̀. Ó mu ún títí ó fi dé ìdajì kó tó gbé e sílẹ̀. Ó nu ẹnu. Ó ní, “Ó yè. Ọtí yìí yè. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá màá lè rí ìkòkò rẹ̀.”

Ọlọ́tí fi ẹlòmíràn sídìí káńtà, ó mú wa lọ sẹ́yìn. Ìyá ti ọwọ́ bọ inú àpò ọkà, ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó ní, “Wọ́n jẹ́ kó hù, wọ́n sá a. Kí ni wọ́n wá ń fi èèrí rẹ̀ ṣe?” Ọlọ́tí ní àgbẹ̀ kan ní Accokeek ló máa ń wá kó o fún màlúù rẹ̀. Ìyá ní kí n kìlọ̀ fún un nípa àkùkọ. Mo sọ ìtàn ìmáàmù fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, Alhaji náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé kí Ọlọ́run dárí jì òun.

Nígbà tí a dé ibi tí àgbá wà, Ìyá tẹ̀ ba, ó gbé etí lé ara ọ̀kan. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pẹ́ débi tí Alhaji fi bi mí lábẹ́nu pé ṣé kí a pe ẹnì kan.

Ìyá ní, “Ẹ dákẹ́. Ẹ ń dójú tì í.”

Ó nàró, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. Ó ní kí n bi ọlọ́tí léèrè ohun kan: tí ọtí bá kọ̀ láti sọ̀rọ̀, ṣé ọwọ́ ẹni tó pọn ọ́n ló ti kú?

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọlọ́tí lọ sídìí fíríìjì, ó gbé ìgò kan jáde, nǹkan kan ki pọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ bí ògì. Ó ní ìwúkàrà nìyí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ń kù nísàlẹ̀ àgbá, láti inú ọtí kan ni àwọn ti ń bù ú sínú òmíràn láti ọjọ́ tí àwọn ti ṣílé. Ó ní ohun ẹlẹ́mìí ni. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn ará àtijọ́, ara ìkòkò tàbí ara igi tí wọ́n fi ń rò ó ló máa ń gbé. Tí ọtí bá dákẹ́, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ló fi ọṣẹ fọ igi náà.

Ìyá ń wo ẹnu mi. “Kí ló wí?”

Mo ní, “Ó ní... ó ní wọ́n máa ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa.”

“Gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn?”

“Ó ní inú fíríìjì ni wọ́n ń gbé e sí.”

Alhaji Mùfútáù wo àjà, ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Ìyá Tèmi, ẹ má bínú. Mo gbọ́ ohun tó wí. Kì í ṣe ìyẹn.”

Mo lè parọ́ fún Ìyá, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ti parọ́ fún un rí nípa iye tí mo ra bàtà. Ṣùgbọ́n ó ti dúró síwájú mi, obìnrin tó ti rò fún oṣù mélòó kan pé ara òun ni iṣẹ́ ọwọ́ òun ti kú sí, tó ń wá àìsàn lára ìka ara rẹ̀. Mo ní, “Ìyá, mo fọ orógùn.”

“O fọ̀ ọ́ báwo?”

“Ọṣẹ. Bílíìṣì. Kànìnkànìn onírin. Nínú báàfù.”

“Fún ìgbà wo?”

“Láti àárọ̀ dé ọ̀sán.”

Ó ní kí Alhaji wá àga fún òun. Ó jókòó. Ó tẹrí ba, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tó gbójú sókè. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

Ó ní, “Nígbà tí mo wọ ilé yẹn ní ìyàwó, oṣù kejì, mo fẹ́ fi han ìyá ọkọ mi pé mi ò ya ọ̀lẹ. Mo gbé ìkòkò ọtí rẹ̀ lọ sódò. Mo fi yanrìn fọ̀ ọ́. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Mo fi kànìnkànìn fọ ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Egúngún ku ọjọ́ mẹ́wàá. Gbogbo ọtí ọdún yẹn ló dákẹ́ bí òkúta. Obìnrin yẹn kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ní ọjọ́ kẹfà, ó gbé igbá lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ sí ilé obìnrin tí àwọn jọ ń ta ọtí, tí wọn ò jọ ń kí ara wọn, kí n kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kí n tọrọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.” Ó nu ojú. “Onímọ́tótó ni ilé wa máa ń fẹ́. Mi ò mọ ohun tí a ṣe.”

Mo ní, “Ẹ má bínú, Ìyá.”

Ó ní, “Mi ò bínú. Kúnlẹ̀.”

“Ẹ ní kí ni?”

“Kúnlẹ̀ fún ọlọ́tí. Tọrọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.”

Èmi tí mo ń ṣe ọ̀gá fún èèyàn mọ́kànlá níbi iṣẹ́, mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù, níwájú ọkùnrin oníépúrọ́ọ̀nù. Ó rò pé àárẹ̀ ló mú mi, òun náà kúnlẹ̀ kó lè gbé mi dìde. Àwa méjèèjì wà nílẹ̀, a ń wo ara wa, Alhaji ń bá mi ṣàlàyé, kò sì lè parí gbólóhùn kan nítorí ẹ̀rín. Nígbà tó yé ọlọ́tí, kò dìde. Ibi tó kúnlẹ̀ sí ló ti gbé ìgò náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní tí ọtí Màmá bá sọ̀rọ̀, kí a gbé kọ́ọ̀pù kan wá fún òun, àti pé Màmá ni kó kọ́kọ́ mu níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tó ń kó èèrí fún màlúù náà ni a ti ra àgbàdo tí kò sí oògùn lára rẹ̀. Yàrá àlejò ló ti hù, lábẹ́ táwẹ́ẹ̀lì, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí ibi sùn dáadáa nígbà tẹ́ ẹ wálé láti iléèwé. Ìyá sè é, ó sẹ́ ẹ, ó da ohun tó wà nínú ìgò sí i, ó ti orógùn bọ̀ ọ́ kó lè tún gba ẹ̀mí padà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Ó ní, “Tó bá jẹ́ ọṣẹ rẹ ló pa á, èyí á dún. Tí kò bá dún, ìwọ kọ́, èmi ni. Màá lọ sílé.”

Ṣé ẹ ti wá mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn máa ń gbàdúrà kí ìyá ọkọ wọn padà sílé. Èmi jókòó ti báàkẹ́tì, mò ń bẹ̀bẹ̀ kí n lè jẹ̀bi.

Ẹ dákẹ́, ìyá àgbà yín ń wọlé bọ̀. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá. Rárá, Ìyá, a ò ṣí i. Káyọ̀dé, dìde kí wọ́n ráyè. Ẹ rọra tẹ̀ ba, Ìyá, ẹ di èjìká mi mú.

Ìyá, kí lẹ gbọ́?

Ìyá ní kí Káyọ̀dé wá gbọ́ ọ, pé etí òun ti gbó. Gbé etí sí i, ọmọ mi. Rọra. Má mí sí i.

“Òjò,” ni ó wí. Ẹ gbọ́ o, ọmọ tí mo bí sí Maryland, ó sọ ọ́ ní Yorùbá. “Òjò ni, Mọ́mì. Ó ń rọ̀ níbẹ̀.”

Ìyá ní, “Ó ti ń sọ̀rọ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀. Kò sí nǹkan kan, èéfín ló wọ̀ mí lójú. Mo mọ̀ pé kò sí èéfín, Tèmi. Ẹ ní kí ni, Ìyá? Ọbẹ̀ àná? Ó ní ọbẹ̀ àná, pé ṣé omi ilé yìí ò ní tán ni tí mo fi dà á sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ ṣeun gan-an. Iyọ̀ rẹ̀ náà kò tó, àbí? Mo mọ̀.

Ìyá ti rò ó tán. Tèmi, bá wọn gba orógùn lọ́wọ́. Ọmọ dáadáa. Ibo lò ń gbé e lọ? Ìṣó wà lẹ́yìn rẹ. Tèmi, pa ẹ̀rọ omi yẹn.